Bóòtù ilé gíá ń yí lásán, kò fún mọ́: ṣé dandan ni kí n ra ilé gíá tuntun?

Rárá, má tíì náwó yẹn. Bí o bá tú bóòtù náà tó o rí èérún funfun tó lọ́ mọ́ ọn lára, tírẹ́ẹ̀dì inú ihò, ìyẹn ìlà tó lọ́ yí ihò ká tí bóòtù ń gbá mú, ló ti jẹ. Irin ni bóòtù, alumíníọ̀mù ni ilé gíá. Èyí tó rọ̀ ló ń jìyà. Àwọn kan a máa wé fọ́ìlì mọ́ bóòtù kó lè há. Ẹ̀tàn ni.

Helicoil ni kó o lò, ìyẹn wáyà irin tí wọ́n lọ́ bíi sípíríǹgì. Fún bóòtù M8 oní-1.25 (ó fẹ̀ ní 8 mm, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì fi 1.25 mm jìnnà síra), fi díríìlì 8.3 mm fẹ ihò náà, kó dúró ṣánṣán. Bí ihò náà kò bá já, wọn jíjìn rẹ̀, kó o lẹ téèpù mọ́ díríìlì síbi tó yẹ kó dúró. Táàpù (irin tí wọ́n fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì) tó bá helicoil wá ni wàá fi gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun. Táàpù M8 lásán kò lè ṣe é. Fi gíríìsì tó ki kun táàpù helicoil náà kó lè mú èérún, nítorí èyí tó bá bọ́ sínú gíá lè ba bọ́ọ̀rìn jẹ́. Yí i síwájú díẹ̀, dá a padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, yí helicoil wọlé títí yóò fi rì díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú ihò, kó o ṣẹ́ etí kékeré ìdí rẹ̀, kó o sì yọ etí náà síta.

Ihò tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì nù yàtọ̀: ọ́ìlì lè jò gba ara wáyà náà, bùṣì oní-tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin oníhò tó ní tírẹ́ẹ̀dì nínú àti lóde, ló dára jù níbẹ̀. Bí ẹnu ihò bá ti sán, wẹ́dà tó mọ alumíníọ̀mù jó ni kó o wá.