Oolong mi ń korò: ṣé omi híhó ló fà á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Manchester ló kọ́kọ́ fún mi ní oolong, irú tíì kan, Dong Ding láti Taiwan, ewé tí wọ́n ká róbótó bí ẹ̀wà. Níbi iṣẹ́, n ó kàn ju hóró mélòó kan sínú ife, n ó da omi gbígbóná lé e, á sì dùn. Nígbà tí mo kó wá sí London, mo ra odidi páálí kan kí n lè máa dán an wò fúnra mi nílé. Látìgbà náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mo bu ṣíbí ìjẹun méjì sínú ife ńlá tó ń gba bíi mìlílítà 300, mo da omi híhó sí i, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó korò bí jogbo! Mo wá kà á níbì kan pé omi híhó ló ń ba tíì jẹ́, mo bá lo omi 75°C. Kíkorò náà dín kù, àmọ́ òórùn dídùn rẹ̀ ò sí mọ́, ewé tó wà nísàlẹ̀ ife ò sì là tán. Nǹkan kan tún ń léfòó lójú rẹ̀ bí epo. Ìyàwó mi ní kí n lọ fi mílíìkì àti ṣúgà sí i, kí gbogbo ilé lè sinmi. Kí ni mò ń ṣe tí kò dára? Ṣé mo sì lè máa tún omi bù sí ewé kan náà títí di ọjọ́ kejì?

Bàbá Ìbejì, London

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Omi híhó kò jẹ̀bi, ẹ dá a padà. Ṣíbí yín ni kí ẹ bá wí, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Omi ẹ̀rọ London náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́, n ó dé ibẹ̀.

Ìmọ̀ràn omi 75°C tí ẹ kà kì í ṣe irọ́, ó kàn ṣì'lé ni. Green tea ni ó wà fún, pàápàá irú ti Japan tí wọ́n ń fi ọ̀mùnú ewé ṣe. Igi kan náà ni gbogbo wọn, Camellia sinensis. Ohun tí wọ́n ṣe sí ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ rántí iṣu tí a bẹ tí a kò tètè kó sínú omi, bí ara rẹ̀ ṣe máa ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn ló kàn án, ẹ́ńsáìmù inú iṣu sì ń bá atẹ́gùn náà ṣiṣẹ́. Bí a bá ti gbé e kaná, iṣẹ́ yẹn parí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewé tíì. Ewé green tea, kíá ni wọ́n máa ń fi iná kàn án kí ó má baà ṣú. Ewé tíì dúdú, irú èyí tó wà nínú Lipton, wọ́n máa ń jẹ́ kó ṣú tán. Oolong ni wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà.

Ní Fujian ní ilẹ̀ China, níbi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀, àti ní Taiwan tó kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n máa ń gbọn ewé náà lórí atẹ ọparun kí etí rẹ̀ lè bó, wọ́n á jẹ́ kó sinmi, wọ́n á tún gbọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ náà lè mú wọn dé òru. Lẹ́yìn tí iná bá ti pa á ni wọ́n á wá di ti Dong Ding sínú aṣọ. Wọ́n á fún un, wọ́n á yí i, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un dì, léraléra, títí odidi ewé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ yóò fi ká jọ di hóró kan. Ohun tí wọ́n fi agbára ká tó báyìí, ẹ fẹ́ kí omi tí kò hó tú u? Ìdí nìyẹn tí ewé yín ò fi là. Òórùn tí ẹ ń wá sì wà nínú ibi tí kò là yẹn.

Bí ẹ bá ṣì ń bẹ̀rù omi híhó, ẹ gbọ́ èyí. Níbi ìdíje tíì ní Taiwan, gíráàmù 3 ewé ni àwọn adájọ́ ń lò fún mìlílítà 150 omi híhó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 tàbí 6. Ìlànà àgbáyé ISO 3103 tí àwa tí a ń tọ́ tíì wò jẹun mọ̀ dáadáa, ìwọ̀n kan náà ló ní: gíráàmù 2 sí mìlílítà 100, ìṣẹ́jú 6. A kì í mu ún bẹ́ẹ̀ nílé o. A mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyà jẹ ewé náà ni kí àbùkù rẹ̀ lè jáde. Ẹ wá ṣírò ti yín. Ìyà adájọ́ fún ife yín tó gba 300 jẹ́ gíráàmù 6. Ṣíbí ìjẹun méjì tí hóró kún lè tó gíráàmù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì fi í sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyà yín ju ti adájọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Kò sí tíì tí kò ní korò.

Ṣíbí ló tàn yín jẹ. Hóró Dong Ding wúwo, ó kéré lójú. Oolong ti òkè Wuyi, irú Da Hong Pao, gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, ó sì máa ń kún ṣíbí láìwọn nǹkan kan. Ṣíbí kan náà lè gbé ìwọ̀n tó ju ara wọn lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù, kò wọ́n. Bí ife ńlá yẹn lẹ fẹ́ máa lò, gíráàmù 3 sí mìlílítà 250, omi híhó, ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ sì fi asẹ́ yọ ewé rẹ̀ kúrò. Yíyọ yẹn ṣe pàtàkì. Tí ewé bá wà nínú ife tí ẹ ń mu ún lọ, ìṣẹ́jú ò dúró dè yín.

Ṣùgbọ́n èmi ò ní fi ife ńlá mu Dong Ding tí mo fi owó mi rà. Ẹ wá abọ́ kékeré tó ní ọmọrí, tó gba bíi mìlílítà 100 sí 120. Gaiwan ni àwọn ará China ń pè é. Gíráàmù 5 sí 6 ni kí ẹ kó sínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da omi híhó lé e, kí ẹ dà á nù lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí hóró lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú. (Àwọn kan ní kaféènì ló ń bá omi yẹn lọ. Rárá o, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ má tìtorí ìyẹn mu ún ní aago mẹ́wàá alẹ́.) Omi àkọ́kọ́ tí ẹ máa mu, ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìkejì lè jẹ́ 20, nítorí ewé ti là. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fi mẹ́wàá mẹ́wàá kún un. Ẹ máa rí bíi ife mẹ́fà tàbí méje mu lára rẹ̀, kò sì ní sí méjì tó jọra. Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń se àgbo mọ ìṣe yìí: a kì í da ewé àgbo nù lẹ́yìn ife kan, omi la ń tún bù sí i. Òórùn ló máa kọ́kọ́ jáde, adùn á tẹ̀ lé e, ìgbẹ̀yìn sì máa ń dà bí omi tí wọ́n fi ṣúgà tọ́ díẹ̀. Ìkẹta ni tèmi, àmọ́ ẹnu dùn yàtọ̀ síra.

Nígbà tí ẹ bá ń tọ́ ọ wò, ẹ má pe gbogbo nǹkan ní kíkorò. Kíkorò bí ewúro wà, fífún ẹnu bí èso kajú náà sì wà, tí ahọ́n á dà bíi pé ó gbẹ. Bó bá korò tó sì ń fún ẹnu papọ̀, ìṣẹ́jú ló pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Bí kò bá korò ṣùgbọ́n tó lágbára jù, ewé ló pọ̀. Bó bá dà bí omi ìfọwọ́, ẹ wo ewé náà kí ẹ tó fi kún un: ṣé ó là?

Ó wá ku omi. Bí epo ni nǹkan tó ń léfòó yẹn rí, kì í sì í ṣe epo. Púpọ̀ nínú omi Manchester ń wá láti àwọn adágún Lake District, ní àríwá England. Láti 1894 ni omi Thirlmere, ọ̀kan nínú wọn, ti ń sàn wá síbẹ̀, omi rírọ̀ tí ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ kíá ni. Odò Thames àti odò Lea ni London ń fà mu jù, pẹ̀lú omi abẹ́ ilẹ̀, ẹfun ló sì pọ̀ nínú àpáta ibẹ̀. Ẹ wo inú kẹ́tù yín, ẹ máa rí ẹfun náà níbi tó lẹ̀ mọ́. Calcium àti bicarbonate inú omi yẹn ló ń bá èròjà tíì àti atẹ́gùn pàdé lójú ife, tó di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò ní pa yín, àmọ́ omi bẹ́ẹ̀ máa ń mú òórùn oolong kú, á sì mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ ìwé pé ayẹ̀wò tíì kan kò lórùn, wọ́n fẹ́ dá a padà fún olóko. Ọ̀gá mi tún un ṣe pẹ̀lú omi rírọ̀, gbogbo yàrá bá gba òórùn òdòdó. Láti inú ẹ̀rọ ilé ìdáná ni mo ti pọn tèmi.

Nítorí náà, ẹ ra omi inú ike kan, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: èyí tí calcium rẹ̀ kéré, tí kò ju bíi mìlígíráàmù 20 tàbí 30 lọ nínú lítà kan, ni kí ẹ mú. Ẹ má lo omi tí wọ́n ti yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú bátìrì. Tíì inú rẹ̀ máa ń tẹ́ lẹ́nu. Ẹ fi omi ike àti omi ẹ̀rọ ṣe ife méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ewé kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, kí ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín gbé wọn fún yín láìsọ èwo ni èwo. Bí ẹ bá mọ ìyàtọ̀, jọ́ọ̀gì tí ń sẹ́ omi á san owó ara rẹ̀. Ìdánwò tí ẹ ṣe tẹ́lẹ̀ ò ràn yín lọ́wọ́ tó torí pé ìlú yí padà, omi yí padà, ìwọ̀n ewé náà yí padà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní Manchester, hóró mélòó kan tí ẹ jù sínú ife ni ìwọ̀n tó tọ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Ti ọjọ́ kejì: rárá. Ìkòkò àgbo, a máa ń tún un sè. Ewé tíì tó tutù sórí tábìlì mọ́jú, kíkan ló ń lọ. Bí alẹ́ bá lẹ́ tí agbára ṣì wà nínú ewé náà, ẹ da omi tútù lé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ mu ún láàárọ̀. Omi tútù kì í fa kíkorò jáde bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ewu.

Nípa mílíìkì, nílé wa Milo ni tíì, Bournvita ni tíì, Lipton náà ni tíì, mi ò sì lè bá ìyàwó yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi mílíìkì rẹ̀ sí Lipton, kó fi Dong Ding sílẹ̀ fún yín.