Mo Fi Wàlláhì Búra Pé N Kò Ní Yọ Búlọ́ọ̀kù Kan: Ọ̀rọ̀ Ògiri Ọgbà àti Aládùúgbò

ÌBÉÈRÈ

Àsàlámù àlékún, Ààfáà wa. Akóbọ̀ ní Ìbàdàn níbí ni mò ń gbé. Ẹ̀yìn ilé wa ni ọgbà ẹ̀fọ́ ìyàwó mi wà, ó gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata àti ewúro síbẹ̀. Ògiri tó yí i ká kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ nígbà tí a kó wọlé. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sẹ́yìn wa, fèrèsé òkè rẹ̀ sì kọjú sí ọgbà náà gan-an. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọbìnrin mi kò lè tú orí sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Mo pe bíríkìlà, ó sì gbé gbogbo ògiri náà dé ẹsẹ̀ bàtà 9 yíká.

Màmá kan wà lápá ọ̀tún wa nínú ilé ilẹ̀. Opó ni wọ́n, Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, èlùbọ́ ni wọ́n ń ṣe tà, a sì bá wọn lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a dé àdúgbò. Ibi tí oòrùn ti ń yọ sí wọn ni ilé wa wà. Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti gbé ògiri sókè, oòrùn kì í tètè kan ilẹ̀ àgbàlá àwọn, ó ń di nǹkan bí agogo 10 àárọ̀, atẹ́gùn náà kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, èlùbọ́ àwọn sì ń bu. Wọ́n wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ di ariwo, inú bí mi, mo fi Wàlláhì búra pé n kò ní yọ búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n bù ú kù kí ara lè tu gbogbo wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí mo bá bù ú kù, ènìyàn ni mo bẹ̀rù, kì í ṣe Ọlọ́hun, nítorí orí ilẹ̀ mi ni mo mọ ọ́n sí. Kí ni ẹ̀sìn sọ sí i?

ÌDÁHÙN

Wà àlékúmù sàlámù. Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́ tán o. Nínú mádhábù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Imam Malik tí à ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa, ìwé Khalil tí a máa ń kà nílé kéwú ka àwọn nǹkan tí adájọ́ lè dá ènìyàn lẹ́kun rẹ̀ nítorí aládùúgbò. Ó ka èéfín bí ti ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná, ó ka òórùn bí ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, ó ka igi tó ń ba ògiri ẹlòmíràn jẹ́. Ìgbà tó dé orí ìmọ́lẹ̀, oòrùn àti atẹ́gùn, ó ní a kì í dá ẹni tó fi ilé tàbí ògiri tirẹ̀ dí wọn lẹ́kun. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yín dúró, bóyá ẹnìkan ló sọ ọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò parí síbẹ̀. Khalil fi ọ̀rọ̀ kékeré kan tì í nídìí: illā li-andar. Ó ní àfi andar nìkan. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọmọ kéwú máa ń sáré kọjá, nítorí wọ́n rò pé nǹkan àwọn Lárúbáwá ni. Andar ni ibi tí àgbẹ̀ ń sá irè oko sí, tó ti ń pa ọkà, tó sì ń fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù. Kò sí ohun mìíràn tí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún ju oòrùn àti atẹ́gùn lọ. Bí o bá dí méjèèjì, o ti pa á nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yọ ọ́ sọ́tọ̀, tí wọ́n ní kí a dá ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan dí i lẹ́kun.

Arákùnrin mi, kí ni àgbàlá Màmá yẹn bí kò bá ṣe andar? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe èlùbọ́. Wọn á bó isu, wọn á gé e, wọn á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, á sùn mọ́ inú omi náà. Ọjọ́ kejì ni yóò bọ́ sórí ẹní, tòun ti omi lára. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni oòrùn ṣe pàtàkì sí i jù. Bí ó bá jókòó sábẹ́ òjìji ògiri fún wákàtí mẹ́ta, tí atẹ́gùn kò sì kàn án, ẹ ó rí i tí àwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi owó rẹ̀ ra àmàlà tó kan rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ẹ bá Màmá lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Sísá èlùbọ́ ló ṣíwájú, gbígbé ògiri sókè ló tẹ̀ lé e. Nítorí náà, lójú tèmi, lápá ọ̀dọ̀ Màmá, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí ẹsẹ̀ bàtà 3 tí ẹ fi kún un. Mo mọ̀ pé Khalil kò dárúkọ èlùbọ́. Èmi ni mo fi ọ̀kan wé èkejì, ẹni tó bá mọ̀ jù mí lọ lè wò ó lọ́nà mìíràn. Àmọ́ n kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àgbẹ̀ tó ń sá àlìkámà àti opó tó ń sá isu.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ níbí. Hádíìsì kan wà tí ẹ ó máa gbọ́ nínú wáàsí, pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ẹ má mọlé ga ju ti aládùúgbò yín lọ tí ẹ ó fi dí atẹ́gùn mọ́ ọn, àfi bí ó bá yọ̀ǹda. Ọ̀nà tí hádíìsì yẹn gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò lágbára, mi ò sì ní fi ṣe ẹ̀rí fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Èyí tí àwọn onímọ̀ gbà tí wọ́n sì ń fi dájọ́ ni èyí tó sọ pé kò sí fífi ìnira kan ẹlòmíràn, kò sì sí fífi ìnira san ìnira. Ó wà nínú ogójì hádíìsì tí Imam Nawawi kó jọ, òun ni ẹlẹ́ẹ̀kejìlélọ́gbọ̀n.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí pé òun ló bí gbogbo wàhálà yìí. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ̀yìn ni ojú ti ń wá, àmọ́ ẹ gbé ògiri ọ̀tún náà sókè. Ilé ilẹ̀ ni ti Màmá, kò sí fèrèsé òkè níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ti máa wo ìyàwó yín. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ti bo ohun tó yẹ kó bò lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi: ẹni tó bá dúró lójú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ojú rẹ̀ á ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 sílẹ̀. Kí ni ògiri ẹsẹ̀ bàtà 9 fẹ́ ṣe fún un? Ìdí ògiri nìkan ló bò. Àárín ọgbà ṣì wà lójú rẹ̀ kedere. Ẹ ti ná owó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì, ẹ sì ti sọ ara yín di ọ̀tá ẹni tí kò ṣẹ̀ yín.

Irú ẹjọ́ yìí ti wáyé láyé Sayyidina Umar, adarí Mùsùlùmí kejì lẹ́yìn Ànábì. Ẹnìkan kọ́ yàrá òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aládùúgbò rẹ̀, ó sì ṣí fèrèsé sí i. Umar kọ̀wé pé kí wọ́n gbé ibùsùn kan sídìí fèrèsé náà, kí ọkùnrin kan dúró lé e lórí. Bí ó bá rí ohun tó wà nínú ilé kejì, kí wọ́n dá onífèrèsé lẹ́kun. Bí kò bá rí i, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Inú Mudawwana, ìwé òfin ńlá mádhábù Malik, ló wà. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yìí púpọ̀, nítorí Umar kò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé olóòótọ́ ni tàbí ṣé oníwòkuwò ni. Ó ní kí wọ́n gbé ibùsùn wá, kí ẹnìkan gùn ún.

Ẹ lọ bá onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ jọ gòkè. Kí ọmọkùnrin kan dúró nínú ọgbà, kí ẹ̀yin méjèèjì wo ibi tí ojú dé. Bí ẹ bá rí ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ọgbà yín ló ṣáájú, fèrèsé rẹ̀ ló dé lẹ́yìn, òun ló yẹ kó wá nǹkan ṣe sí i. Ó lè fi gíláàsì tí kò ṣeé wò kọjá síbẹ̀, ó sì lè mọ ìsàlẹ̀ fèrèsé náà sókè. Ẹ lè fi ògiri ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà ní tiyín. Ẹnikẹ́ni kò sá nǹkan síbẹ̀.

Lórí pé ènìyàn lẹ bẹ̀rù: Ànábì sọ pé màlékà Jibril kò yé sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò fún òun títí òun fi rò pé yóò sọ ọ́ di ẹni tó ń jogún ẹni. Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tó kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Ẹni tó ń ṣe ohun tí Jibril ń tẹnu mọ́, ta ló bẹ̀rù níbẹ̀? Ní ti pé ògiri yín ni, àwọn méjèèjì yìí kan náà ló gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, pé kí aládùúgbò má ṣe kọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ láti ki igi bọ ara ògiri rẹ̀. Nígbà tí Abu Hurayra sọ ọ́ tán, tó rí i pé àwọn ènìyàn ń yí ojú kúrò, ó ní òun yóò sọ ọ́ mọ́ wọn láàárín èjìká méjèèjì! Imam Malik kò kà á sí dandan, dáadáa ṣíṣe ló kà á sí. Síbẹ̀, ògiri ẹni náà ni Ànábì ń sọ.

N kò fẹ́ gbàgbọ́ pé ẹ̀sìn Màmá wà lára ohun tó ń dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ ti dárúkọ rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Nígbà tí wọ́n pa àgùntàn nílé Abdullah ọmọ Amr, sàábé Ànábì, ohun tó bèèrè ni pé, “Ṣé ẹ ti bù fún aládùúgbò wa tó jẹ́ Yẹhúdì?” Ó sì fi hádíìsì Jibril yẹn náà ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ìbúra yín wá ńkọ́? Ẹ má fi ṣeré. Wàlláhì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, pé inú bí yín nígbà náà kò sì sọ ọ́ dòfo. Àmọ́ ìbúra kò lè ti ilẹ̀kùn dáadáa mọ́ ènìyàn. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà 2, áyà 224, pé kí a má ṣe fi orúkọ Òun búra kí ó wá di ìdènà fún wa láti ṣe rere, láti bẹ̀rù Òun àti láti ṣe àtúnṣe láàárín àwọn ènìyàn. Ànábì náà sọ fún Abdur-Rahman ọmọ Samura pé bí ó bá búra lórí nǹkan kan, tó wá rí ohun mìíràn tó dára jù ú lọ, kó ṣe èyí tó dára jù náà, kó sì san ìtánràn ìbúra rẹ̀.

Ìtánràn yẹn wà nínú Súrà 5, áyà 89: kí ẹ bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kí ẹ wọ̀ wọ́n láṣọ, tàbí kí ẹ tú ẹrú sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní agbára èyíkéyìí nínú wọn ló máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé púpọ̀ nínú wa ní Ìbàdàn níbí, ààwẹ̀ ni a máa ń sáré sí, torí kò ná wa lówó. Ẹni tó rówó gbé ògiri sókè yíká kì í ṣe ẹni tó máa gba ààwẹ̀.

Ẹ lè san án kí bíríkìlà tó dé, ẹ sì lè san án lẹ́yìn tó bá yọ búlọ́ọ̀kù tán. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní oúnjẹ tútù, ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ kò sì lè kó ti ẹni mẹ́wàá fún ẹnìkan. Bí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ bọ́ ẹni mẹ́wàá yó lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sán àti alẹ́. Mùsùlùmí tálákà ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Èyí tí ẹ bá bù fún Màmá, ẹ̀bùn ni, kò sí nínú ìtánràn.

Bí ẹ bá gbà fún mi, sísè ni kí ẹ ṣe. Ẹ ra èlùbọ́ lọ́wọ́ Màmá, iye tí wọ́n bá pè é ni kí ẹ san, ẹ má nájà. Ewédú ti wà nínú ọgbà.