Kí ni ọmọ yín kọ sínú ìwé yẹn?

Ẹ ní ó ti di ọdún 16 tí ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14, pé àwọn ọmọ kíláàsì yín kì í fi nǹkan kan pa mọ́ fún yín, àmọ́ ọmọkùnrin tí ẹ bí nínú ara yín, ọmọ ọdún 13, kì í dá yín lóhùn kọjá "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá". Ẹ wá ń bi mí bóyá kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Odindi ojú ewé méjì lẹ fi ro ẹjọ́ fóònù.

Àárín ẹjọ́ yẹn lẹ ju gbólóhùn kan sí, tí ẹ sì yára kọjá lórí ẹ̀: "Ó tiẹ̀ mú nǹkan kan tó kọ wá fún mi nígbà kan, mo fi báírò pupa bá a tún àwọn àṣìṣe inú ẹ̀ ṣe, mo dá a padà fún un, àmọ́ kò tún mú òmíràn wá mọ́."

Mo wá ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn títí nínú lẹ́tà yín, mi ò rí i. Kí ni ọmọ náà kọ? Ṣé ìtàn ni? Ṣé ẹnì kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu nílé ìwé, tí kò mọ bó ṣe máa fẹnu sọ ọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yin gan-an ni? Ẹ rántí pé àṣìṣe wà níbẹ̀, ẹ rántí àwọ̀ báírò, ẹ ò wá rántí ohun tó kọ. Èyí ò dáa rárá, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ torí pé olùkọ́ bíi tèmi ni yín.

Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ yín ni. Èmi náà kọ́ àwọn ọmọ ọjọ́ orí yìí ní ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sùúrù tí èèyàn bá gbé kúrò nílé láàárọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì á ti pín in jẹ tán kí agogo ìparí tó lù, ọwọ́ òfìfo la fi ń wọlé bá ọmọ tiwa. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tó sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ohùn tí ẹ fi ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ẹ ò jẹ́ fi bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀." Mo bínú gan-an. Mo ní kó yé rí mi fín. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí òótọ́ ló sọ.

Tí ọmọ kíláàsì yín bá wọlé tó fìbínú gbá ilẹ̀kùn, ẹ ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Tí ọmọ yín bá gbá a, ẹ ó ní, "Ta lo gbá ilẹ̀kùn mọ́ yẹn?" Ṣé mo parọ́?

Ní 1974, Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé tí olùkọ́ bá béèrè nǹkan ní kíláàsì, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ló sábà máa ń dúró kó tó já lu ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ fi sùúrù dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, "mi ò mọ̀" dín kù, àwọn tí kì í lanu náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 3 péré o! Bóyá ẹ tiẹ̀ ń ṣe é níbi iṣẹ́. Nílé ńkọ́? "Báwo ni ilé ìwé?" Kò tíì lanu. "Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá?" Ó ń ronú. "Wo ibi tó o bọ́ bàtà sí!" Ẹ ti bi í ní méjì, ẹ ti fi ìbáwí lé e, ẹ ò dúró gbọ́ ìkankan. Ẹ wá ní kì í sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí àṣírí tí àwọn ọmọ kíláàsì ń tú fún yín tàn yín jẹ. Ó rọrùn fún wọn. Tí ẹ bá bínú sí wọn, agogo á lù, wọn á gba ilé wọn lọ. Ibo ni tiyín máa gbà lọ? Abẹ́ òrùlé kan náà lẹ jọ máa sùn, ẹ jọ máa jí. Bóyá ìdí tó fi kọ ọ́ dípò kó sọ ọ́ nìyẹn. Ó wá ọ̀nà tí kò ní wo ojú yín, ó sì gbé e wá fún yín fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 tó ṣe bẹ́ẹ̀ gbójú gan-an.

Ní ti fóònù, ẹ gbà á tó bá ti fẹ́ sùn, torí ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ó tán.

Ní alẹ́ yìí, ẹ wọlé lọ bá a. Ẹ má ṣàlàyé iṣẹ́ yín, ẹ má ka wàhálà yín sí i létí. Ẹ ní, "Ohun tó o kọ wá fún mi nígbà yẹn, àṣìṣe ni mo ń wá nínú ẹ̀, mi ò kà á. Jọ̀ọ́, mo fẹ́ kà á." Kí ẹ wá panu mọ́. Ó lè ní òun ti jù ú nù. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má tú àpò rẹ̀ wò. Ẹ sọ fún un pé ó dùn yín, kí ẹ jókòó síbẹ̀ díẹ̀ sí i, kódà tí kò bá sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa tó mú un wá. Tó bá mú un wá, kí báírò má ṣe sí lọ́wọ́ yín, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín sì jẹ́ nípa ohun tó kọ.

Lẹ́yìn náà, tó bá gbà kí ẹ sọ fún mi, ẹ kọ̀wé padà wá. Mo ṣì fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà kọ.