Èsì: Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi mú orúnkún ìyá gbóná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi mú orúnkún wọn gbóná ní Ṣágámù kò ní jẹ́ kí iná gbé wọn. Rárá o, iná kò ní gbé wọn. Ìgbì rédíò ni ẹ̀rọ yẹn ń tú jáde. Ìgbì tó wọ́pọ̀ jù ń mì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 27 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó yá ju ohun tí iṣan lè mọ̀ lára lọ, ooru nìkan ló ń dà nínú ẹran ara lọ́hùn-ún, níbi tí aṣọ tí a rì sómi gbígbóná kò lè dé.

Àtọ̀gbẹ tí ẹ dárúkọ ló ń kọ mí lóminú. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ń kú, wọn kò ní mọ̀ bí ooru bá pọ̀ jù, ó sì lè jó wọn. Ẹ ní kí àwọn tó fẹ́ lo ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ fi ìgò omi gbígbóná àti ti omi tútù dán awọ ẹsẹ̀ náà wò. Ẹ bọ́ gbogbo irin ara wọn, kí aṣọ wọn má rin. Bí irin bá wà nínú eegun wọn, tàbí ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, ẹ tètè sọ, ẹ má gbà á rárá.

Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló dára. Bó bá ti ń ta wọ́n, kí ìyá pariwo kíákíá.