Igi tòmátì tó tẹ́ bí bẹ́líìtì: ẹ fi owó oògùn yẹn sápò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Igi tòmátì mi kan tẹ́ pẹrẹsẹ bí bẹ́líìtì, òdòdó rẹ̀ sì lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ọ̀gbìn ní àrùn ni, pé kí n fín in lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ran gbogbo oko. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a lè jẹ èso rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Kò sí oògùn tó lè sọ igi tó ti tẹ́ di roboto padà. Mi ò mọye ìgbà tí mo ti sọ ọ́. Àwọn tó ń tà á kò yéé tà á.

Ní ṣóńṣó orí igi, àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ wà tó ń pín ṣáá kí igi lè ga. Àwọn jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí igi jogún, ló ń ká wọn lọ́wọ́ kò kí wọ́n má pọ̀ jù. Tí ọwọ́ àwọn jíìnì yẹn bá dẹ̀, ṣóńṣó á fẹ̀ di ìlà, igi á tẹ́, òdòdó á lẹ̀ pọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: èso tòmátì ìgbẹ́ kéré, yàrá méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Irú ìyípadà yìí gan-an, nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní CLV3, wà lára ohun tó sọ tòmátì di ńlá oníyàrá púpọ̀. Ó wu àwọn àgbẹ̀ àtijọ́, wọ́n ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Òdòdó tó dà bí ogbe orí àkùkọ, ìbátan ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí láti ìran dé ìran. Ṣé a ó fín oògùn sí ìyẹn náà ni?

Ọgbẹ́, òtútù, kòkòrò, tàbí oògùn apakoríko tí atẹ́gùn gbé wá lè fà á pẹ̀lú. Irú èyí kì í wọnú irúgbìn. Ẹ gé ibi tó tẹ́ kúrò. Ẹ̀ka tó bá yọ sábà máa ń rí bó ṣe yẹ.

Bakitéríà kan wà lóòótọ́, Rhodococcus fascians, ṣùgbọ́n ọ̀mùnú kúkúrú tó ṣù jọ sídìí igi la fi ń mọ̀ ọ́n jù. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, ẹ fà á tu, ẹ fọ ọ̀bẹ yín. Oògùn ò wo ìyẹn náà.

Mi ò fojú rí igi yín o. Tí ewé bá ń di rúsúrúsú, tàbí tí àwọn igi mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mú un lọ fún ẹni tó mọ àrùn ọ̀gbìn.

Èso ńkọ́? Títẹ́ igi kì í sọ ọ́ di májèlé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fín oògùn náà, ẹ wo ara ike rẹ̀ fún iye ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ tó ká a. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fẹnu kàn án.