Ẹ Bi Wá: Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Ariwo Látòkèèrè

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ògo-Olúwa, Òṣogbo, fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa wọn ariwo tọ̀sán-tòru nítorí sọ́ọ̀mìlì àti gbọ̀ngàn ìnáwó tó wà nítòsí wa. Ẹnì kan ní áàpù orí fóònù ti tó. Ṣé òótọ́ ni? Níbo ló sì yẹ ká gbé ẹ̀rọ náà sí?* — Akọ̀wé ẹgbẹ́

Áàpù dára fún ìfojúbù. Àwọn fóònù kan máa ń tẹ ariwo ńlá wálẹ̀ fúnra wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ bí máíkì wọn ṣe péye tó. Bí ọ̀rọ̀ yóò bá dé iwájú ìjọba, ẹ wá ẹ̀rọ tí wọ́n kọ IEC 61672 (ìlànà àgbáyé fún ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn) Class 1 tàbí Class 2 sí lára. Class 1 ló péye jù. Síbẹ̀, Class 2 tí ẹ ń yẹ̀ wò déédéé sàn ju Class 1 tí ẹnikẹ́ni kò tún fọwọ́ kàn mọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e sókè.

Ní ti ibi tí ẹ máa gbé e sí, ẹ má kàn án mọ́ ògiri. Ohùn tó bá lu ògiri á ta padà sára máíkì, bí máíkì bá sì wà ní nǹkan bíi mítà 1 sí 2 síwájú ògiri, ìyẹn á fi bíi 3 dB (dẹ̀síbẹ́lì, ìwọ̀n ariwo) kún un. Ẹ má fojú kéré 3 dB o. Ìlọ́po méjì agbára ohùn ni. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe òpó irin tó ga ní mítà 4, kí ẹ rì í sínú kọnkéré, kó sì jìnnà sí ògiri àti fẹ́ǹsì tó mítà 3.5. Orí òrùlé páànù kò dára rárá: bí òjò bá ń rọ̀, páànù lẹ máa wọ̀n, kì í ṣe sọ́ọ̀mìlì. Ẹ sì wo ọgbà ẹni tó gbà yín láàyè dáadáa, torí òun náà lè ní jẹnẹrétọ̀.

Ibi tí wáyà máíkì gbà wọ àpótí tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ ló máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù. Kí ihò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí, kí wáyà rọ̀ sílẹ̀ kọjá ihò náà kó tó yí padà sókè wọlé. Omi á máa kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kó tẹ̀lé wáyà lọ sínú. Ẹ dí gbogbo ihò tí ẹ kò bá lò, nítorí ọmọọ́lé àti agbọ́n kì í pẹ́ sọ àpótí tó móoru díẹ̀ di ilé.

Òfin tí ẹ máa fi ṣe àfiwé ni ti NESREA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká) ọdún 2009: fún ilé gbígbé, 50 dB(A), ìyẹn dB tí wọ́n ṣe bá etí ènìyàn mu, lọ́sàn-án, 35 lóru, fún àdúgbò tí ilé àti òwò dà pọ̀ sí, 55 àti 45. Agogo 10 alẹ́ ni òru ti bẹ̀rẹ̀ títí di 6 àárọ̀. Nítorí náà ẹ yẹ aago ẹ̀rọ náà wò. Bó bá wà lórí UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé), ó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa, ariwo agogo 10 ààbọ̀ á wá di ti ọ̀sán nínú àkọsílẹ̀ yín.

*Ẹ̀rọ wa ní Òkè-Baálẹ̀ máa ń kú lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́fà lákòókò òjò. Sólà 20 W ló wà lórí rẹ̀, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 12 V, 18 Ah, ti oníásíìdì. Àwọn tó tà á fún wa ní bátìrì ló ti bàjẹ́.*

Ó ṣeé ṣe kí bátìrì yín má ní àìsàn kankan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ ń jẹ 1 W, tí módẹ́ẹ̀mù tó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi ń jẹ 1.5 W, 60 Wh (wáàtì-wákàtí, iye iná tó ń jẹ) lójúmọ́ nìyẹn. Sólà 20 W tó bá rí oòrùn gidi wákàtí 3 péré nígbà òjò, tí ẹ bá yọ ohun tó ń ṣòfò kúrò, á mú nǹkan bí 42 Wh wá. Ẹ ń jẹ gbèsè 18 Wh lójoojúmọ́. Ìdajì bátìrì oníásíìdì nìkan la sì lè ná láìpa á lára, ìyẹn 108 Wh. Ẹ fi 18 pín 108: ọjọ́ mẹ́fà yín pé géérégé.

Ẹ gbé sólà 50 W sí i. Ẹ kọjú rẹ̀ sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, bíi dígíríì 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ eruku rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, àkísà tútù ni. Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò tó bá ń ṣíji bò ó, nítorí òjìji igun kan ṣoṣo máa ń fa gbogbo sólà sẹ́yìn. Kí módẹ́ẹ̀mù máa jí ní wákàtí wákàtí láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kó tún sùn. Kí ẹ sì tan ìlànà tí ẹ̀rọ á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá padà dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè tàn kó má wọn nǹkan kan.

*Láti bí agogo 3 òru ni iye ariwo máa ń gòkè, á sì wálẹ̀ bí agogo 9 àárọ̀. Kò sí jẹnẹrétọ̀ tàbí mọ́tò nítòsí.*

Ìrì ni ká kọ́kọ́ fura sí. Bí ọ̀rinrin bá wọ máíkì, iná á máa jò láàárín awọ fẹ́lẹ́ẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ àti irin ẹ̀yìn rẹ̀, á máa dún pàù-pàù bí àgbàdo lórí iná, títí oòrùn á fi gbẹ ẹ́. Ẹ wo silica gel (hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu) inú rẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí padà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún wo fóòmù tó bo máíkì: èyí tí oòrùn ti jẹ máa ń fà ya bí búrẹ́dì àná, ó sì ń mu omi.

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tín-ín-rín tó dúró lójú kan láàárín 3,000 sí 8,000 Hz, ìrẹ̀ ni. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù ẹ̀rọ. Ẹ sì yọ gbogbo wákàtí tí atẹ́gùn ju mítà 5 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kúrò nínú ìṣirò yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ fóòmù, ẹ fi calibrator (ẹ̀rọ kékeré tó ń dún ní ìwọ̀n tí a ti mọ̀, tí a fi ń yẹ máíkì wò) 94 dB, 1,000 Hz, bọ máíkì lórí, kí ẹ dúró títí iye rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Àwọn máíkì kan gbọ́dọ̀ fi 93.8 hàn dípò 94, nítorí náà ẹ wo ìwé tó bá a wá. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí kí ẹ tó tún un ṣe. Bó bá fi ju 0.5 dB lọ yàtọ̀ sí ti ìgbà ìṣáájú, ẹ má lo àkọsílẹ̀ àárín ìgbà méjèèjì, bó ti wù kó dùn yín tó.

*Ṣé a lè máa gba ohùn sílẹ̀ títí lọ, ká lè mọ ẹni tó ń pariwo?*

Ìṣẹ́jú kan ohùn WAV, 16 bit, 48 kHz, jẹ́ 5.76 MB, wákàtí kan á fẹ́ẹ̀ẹ́ dé 346 MB. Détà ẹgbẹ́ yín kò ní dé ọjọ́ kejì. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ń kọjá lọ wà lábẹ́ òfin ààbò détà ọdún 2023. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa gba ohùn fún ìṣẹ́jú àáyá 15 péré nígbà tí ariwo bá kọjá ààlà tí ẹ fún un, bíi 65 dB lóru. Ẹ lẹ ìwé mọ́ òpó náà pé ó ń gba ohùn sílẹ̀. Kí iye ariwo ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan máa wọlé láìdáwọ́ dúró ní tiwọn. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n, wọn kì í jẹ détà púpọ̀.