Ta ni Börje Salming, kí sì ni ó sọ ọ́ di olókìkí nínú eré họ́kì orí yìnyín?

Ọmọ orílẹ̀-èdè Swídìn ni Börje Salming, ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1951 ni wọ́n bí i nítòsí Kiruna, ìlú ìwakùsà ní àríwá ilẹ̀ náà. Ọmọ ẹ̀yà Sámi ni baba rẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ìwakùsà ni ó sì kú sí nígbà tí Salming ṣì kéré. Lẹ́yìn tí ó ti bá ẹgbẹ́ Brynäs gba ipò kìn-ín-ní ní Swídìn lọ́dún 1971 àti 1972, ó lọ sí Toronto Maple Leafs, ẹgbẹ́ họ́kì kan ní Kánádà, ní 1973, ó sì dáàbò bo ẹ̀yìn wọn fún ọdún 16. Ojo ni wọ́n ń pe àwọn ará Swídìn níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ń lù ú gan-an, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀ rárá. Ní 1986, abẹ bàtà yìnyín ya ojú rẹ̀, ibi tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán lójú rẹ̀ sì lé ní 200. Lójú tèmi, iyì rẹ̀ tó ga jù ni ti ọdún 1976, nígbà tí ó wọ aṣọ Swídìn wá ṣeré ní Toronto, tí àwọn òǹwòran Kánádà sì dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Àrùn ALS, tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, ni ó pa á ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2022.